Ìyá Ẹlòmíràn Ni Mò Ń Tọ́jú

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ajah ní Èkó níbí. Mo kí Ìyá Dáre aládùúgbò wa tí wọ́n máa ń bá yín pọnmi. Mo kí àwọn ará ìjọ tí wọ́n ń yà kí yín lẹ́yìn ìsìn, mo sì kí bàbá onílé òdìkejì tí wọ́n máa ń béèrè mi. Ìfẹ́olúwa ọmọ mi, ìwọ tó o jókòó lórí àpótí tó ò ń ka lẹ́tà yìí fún ìyá mi, mo kí ìwọ náà. Rọra kà á. Ibi tó bá ti ń dùn ẹ́, má fò ó.

Màámi, ẹ ti bi mí lórí fóònù, kò lóǹkà, pé kí ló dé tí n kò wálé. Gbogbo ìgbà ni mò ń dáhùn pé iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo fẹ́ sọ ìyókù báyìí, mo sì gbà kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ síta kí ẹlòmíràn náà lè kà á, torí àwọn obìnrin tó wà nírú ipò tí mo wà pọ̀ ládùúgbò yìí. Mò ń rí wọn ní ẹnu géètì àwọn ilé ńlá. Wọ́n ń ti ìyá oníyàá lórí àga onítáyà lọ gba oòrùn àárọ̀, fóònù wà létí wọn, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé pé ṣé ìyá tiwọn ti jẹun.

Ẹ rántí bí mo ṣe kúrò ní Òkèihò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Bọ́dé ọkọ mi kú. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fi Ìfẹ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ yín, mo ti wà ní Ajah, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní iléèwé aládàáni kan. Ẹ̀yin lẹ sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ní ibikíbi tí Ọlọ́run bá ń mú mi lọ, òun fúnra ẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn, mo sì fẹ́ràn wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ ọ̀nà márosẹ̀ tó gba iwájú iléèwé kọjá, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Onílé ta ilé. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀gá iléèwé pe gbogbo tíṣà jọ, tó ní iṣẹ́ parí lọ́jọ́ náà. A to àwọn àga kéékèèké sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Mo dúró níwájú pátákó, iṣẹ́ ìṣirò tí mo kọ láàárọ̀ ṣì wà lójú ẹ̀, n kò lè nù ún.

Iléèwé náà ló fún mi ní yàrá tí mò ń gbé, nítorí náà ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo pàdánù iṣẹ́ àti ibùsùn. Ìyá ọ̀kan lára àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ń wá ẹni tí á máa bá wọn gbé. Ó ní iṣẹ́ náà ò le, pé oṣù mẹ́ta péré ni, títí ìdílé á fi rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Oṣù mẹ́ta yẹn ti di ọdún mẹ́ta.

Àlàájà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọmọ bíbí Ajah ni wọ́n, èdè wọn jọ ti Ìjẹ̀bú, ó pẹ́ kí etí mi tó mọ́ ọn. Ilé wọn wà ní òpópó kan tó yà kúrò lára márosẹ̀, kéèyàn tó dé ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ tó yí wa ká kó tó di pé ọ̀nà dé. Tí ara wọn bá yá, wọ́n á fi ìka júwe fún mi láti ojú fèrèsé: ibi tí ilé epo wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá àgbọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ibi tí wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì funfun sí, ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí òkun gbà. Ohun tó ti pẹ́ ni wọ́n ń rántí. Tàná ò sí níbẹ̀. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó fún àwọn lóúnjẹ. Wọ́n á wẹ̀ tán, wọ́n á bi mí pé ta ló da omi sí àwọn lára.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn, Ọ̀gá Mufútáù, tó ń gbé ní Oniru, tó sì ń ta ilẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ni, kì í sì í fi owó oṣù mi falẹ̀. Àmọ́ tó bá wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló máa ń dúró sí. Á bi mí pé ṣé Màmá jẹun, á kó oògùn àti ọsàn lé mi lọ́wọ́, á wo aago, á sì lọ. Mo máa ń bínú sí i nínú ọkàn mi. Mo máa ń sọ pé ẹni tí ìyá ẹ̀ wà nítòsí báyìí, tí kò jókòó tì í, kò mọ ohun tó ní.

Gbogbo ìgbà ni géètì wa máa ń wà ní títì. Ìdí ni pé bí Àlàájà bá ti rí i ní ṣíṣí, wọ́n á jáde, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Wọn ò mọ̀ pé inú ilé wọn gan-an ni wọ́n wà. Ọ̀gá Mufútáù so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn, ó ní kí n máa fi kọ́ ọrùn. Màámi, èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, èmi náà ni wọ́n tì mọ́lé. Tí mo bá fẹ́ ra ọṣẹ lásán, mo ní láti dúró dìgbà tí oorun ọ̀sán bá gbé wọn, màá sáré lọ, màá sáré bọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Mo mọ ohùn akọrin wọn kan tó máa ń tètè ṣáájú àwọn yòókù, n kò tíì rí ojú ẹ̀ rí. Màá gbé àga sí ìdí ògiri, màá máa bá wọn kọ ọ́. Àlàájà á sì máa bi mí pé ta ló kú.

Ẹ máa ń béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbí. Tí òjò bá rọ̀, omi máa ń gba abẹ́ géètì wọlé, á dúró sínú ọgbà fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, a ò ní lè gbé ẹsẹ̀ síta. Tí òjò bá dáwọ́ dúró, ooru á bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀ nínú. Ó ti jẹ irin ojú fèrèsé yàrá mi débi pé tí mo bá dì í mú, ó ń rún sí mi lọ́wọ́. Nígbà míì màá jókòó síbẹ̀, màá máa ro ó pé irin yìí á rún tán, èmi á ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Àlàájà ò pè mí ní Mojísọ́lá rí. Bíntù ni wọ́n ń pè mí. Bíntù ni ọmọ wọn obìnrin tó kú ní kékeré, kí wọ́n tó bí Ọ̀gá Mufútáù. Níbẹ̀rẹ̀ mo máa ń sọ fún wọn pé èmi kọ́. Lọ́jọ́ kan tó rẹ̀ mí, mo sọ fún wọn gbangba pé Bíntù ti kú. Màámi, mo kábàámọ̀. Wọ́n sunkún bí ẹni pé ìsìnyí ni wọ́n ń gbé òkú náà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbàgbé, wọ́n tún pè mí ní Bíntù, mo sì dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá wọn lóhùn. Orúkọ tí ẹ sọ mí, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ ń pè é, lórí fóònù.

Ìfẹ́ ló tú àṣírí yín. Ẹ má bá a wí, mo mọ̀ pé ó ń kà á báyìí, ojú sì ń tì í. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní Màmá bu iyọ̀ sínú ògì dípò ṣúgà, wọ́n sì mu ún tán láìsọ̀rọ̀. Ó ní ẹ ti ń fi ọwọ́ tọ ògiri kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo pe Ìyá Dáre. Wọ́n jẹ́wọ́ pé ó ti lé lọ́dún kan tí nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú yín, pé ẹ mú àwọn búra pé àwọn ò ní sọ fún mi. Wọ́n ní ọsibítù kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ti lè bá yín yọ ọ́, àmọ́ ẹ ní ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan ojú yín láìjẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí dúró tì yín.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní kò sí nǹkan kan. Mo bínú, ẹ̀yin náà bínú. Mo ní mo há síbí, n kò rọ́nà jáde. Ẹ ní kí n fara balẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi mí sí, pé ó mọ ìdí tí òun fi gbé mi síbẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò sì pè yín fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì.

Mo bẹ Ọ̀gá Mufútáù pé kó fún mi láyè ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀, òun ń wá ẹni tí á dípò mi. Oṣù yẹn dé, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan gbé òun dé kóòtù. Òmíràn dé, ó ní òun ń rìnrìn àjò. Ní oṣù kẹta ó mú obìnrin kan wá, ó ní kí n máa lọ lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà fún Ìfẹ́, mo sì ra búrẹ́dì gígùn méjì fún yín.

Láàárọ̀ Sátidé mo fi kọ́kọ́rọ́ lé obìnrin náà lọ́wọ́, mo kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa géètì. Àlàájà ń sùn nígbà tí mo jáde. N kò jí wọn, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè bi mí pé níbo ni mò ń lọ, n kò ní lè lọ mọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ Ìbàdàn ní gárèjì Ajah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Èèyàn méjì ló kù kí ọkọ̀ kún. Ni fóònù mi bá dún. Obìnrin náà ló ń sunkún. Ó ní ẹni tó ń ta omi kanlẹ̀kùn, òun ṣílẹ̀kùn fún un, òun wọlé lọ gbé kẹ́ẹ̀gì, nígbà tí òun sì fi máa jáde, Àlàájà ò sí nínú ilé mọ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé n kò bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ìyá mi. Mo ní wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní ẹbí, wọ́n ní owó. Ìyá tèmi ò ní ẹlòmíràn. Èrò kan wọlé, ó ku ẹyọ kan. Dírẹ́bà ní kí n sún báàgì mi kí ẹlòmíràn lè ráyè gbé ẹsẹ̀ sí. Ọwọ́ mi kan báàgì náà báyìí, mo gbé e mọ́ àyà. Ni mo bá sọ̀ kalẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá, mo ní kó rọra máa gba ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ lọ. Mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì. Kò pẹ́ tí mo fi rí wọn. Wọ́n ti sọdá apá kan. Wọ́n dúró lórí kọnkéré tó pààlà ọ̀nà méjèèjì, bàtà wọn wà lọ́wọ́ wọn, ìborùn wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ọkọ̀ ńlá sì ń sáré kọjá níwájú wọn àti lẹ́yìn wọn. Wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà. Àwọn awakọ̀ ń fun fèrè, wọn ò dúró. N kò mọ bí mo ṣe sọdá. Ohun tí mo rántí ni pé mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń pariwo orúkọ Jésù, ọkọ̀ kan sì tẹ bíréèkì débi pé òórùn táyà gba imú mi.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, Bíntù, níbo lo lọ? Wọ́n ní láti àárọ̀ ni àwọn ti ń wá mi, pé omi ti bo ọ̀nà, àwọn ò mọ ibi tí àwọn á gbà. Màámi, èmi ni wọ́n jáde wá. Wọ́n jí, wọn ò rí mi, wọ́n sì jáde lọ wá mi.

A dúró lórí kọnkéré yẹn pẹ́. Mo di wọ́n mú mọ́ra, oòrùn ń pa wá. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ojú ọ̀nà ló gbà wá. Ó gbé ìgbálẹ̀ ẹ̀ sókè, ó rìn wọ àárín ọ̀nà, ó sì dá àwọn ọkọ̀ dúró títí a fi kọjá. Kí a tó délé, obìnrin tuntun náà ti kó ẹrù ẹ̀ lọ. Mo tú báàgì mi. Búrẹ́dì tí mo rà fún yín, èmi àti Àlàájà la jọ jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò gbàdúrà fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo kàn ń bá Ọlọ́run jà ni. Mo ní ó mú Bọ́dé lọ, mo gbà. Iléèwé tú, mo gbà. Ọmọ mi ń dàgbà lójú ẹlòmíràn, n kò mọ ìgbà tí eyín iwájú ẹ̀ hù tán, mo gbà. Ṣé ojú ìyá mi náà ló kù tí màá gbà pé kó lọ, nígbà tí mò ń nu ojú ìyá oníyàá? Mo ní tó bá jẹ́ òun ló fi mí síbí lóòótọ́, kó wá sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Mò ń fọ aṣọ, mò ń gbọ́únjẹ, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kéré, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ di ńlá. Ó ti fẹ́ẹ̀ tó aago mẹ́rin ọ̀sán, wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Àlàájà dìde, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé wọn ò mọ ilé wọn, wọn ò mọ ọjọ́, wọn ò mọ̀ bóyá àwọn ti jẹun. Àmọ́ wọ́n kírun yẹn látòkèdélẹ̀ láìfo nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run mú àwọn délé. Ohun kan náà ni wọ́n ń tọrọ lójoojúmọ́. Lójú tiwọn, wọn ò tíì rí i gbà rí. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣe àmín, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á ní kí n bu ẹ̀pà wá.

Mo ti ń rí i láti ọdún mẹ́ta láìkà á sí. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Mo rí i pé ẹni tí gbogbo nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, èmi tí orí mi pé ni mo yan Ọlọ́run lódì. Mo di ojú mi níbẹ̀. N kò tọrọ ọ̀nà àbájáde. Mo kàn ní, Bàbá, mo ṣì wà níbí o. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdààmú mi ò kúrò. Àmọ́ ẹ̀rù tó máa ń bà mí láti bá Ọ̀gá Mufútáù sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, n kò rí i mọ́.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, n kò gba ọsàn lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Mo ní ìyá tó bí mi ń fọ́jú lọ, èmi nìkan ni wọ́n sì ní. Mo ní màá lọ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀, bó bá wù ú kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní n kò tún fẹ́ kó mú àlejò wá, pé òun fúnra ẹ̀ ni kó wá jókòó ti Àlàájà. Ojú ẹ̀ le. Ó bi mí pé ṣé mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọmọ Àlàájà ni yín.

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, òun wọlé wá kí ìyá òun bí òun ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì wo òun láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí òun jáde, pé ilẹ̀ tó kù kì í ṣe títà. Wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ lòun. Láti ìgbà náà, bí òun bá ti sún mọ́ wọn, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn: A ò tà, ẹ máa lọ, ọmọ mi Mufu ń bọ̀, á bá yín jà. Ó ní òun á dúró níwájú wọn, wọ́n á máa fi òun dẹ́rù ba òun. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé òun gan-an ló ta gbogbo ilẹ̀ yẹn. Ó fi etí agbádá nu ojú. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń tò jọ fún un láti ọdún mẹ́ta, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Bíntù fún un. Mo ní kó má bá wọn du orúkọ. Mo ní kó bọ́ agbádá àti aago sílé, kó wá ní aago mẹ́rin ọ̀sán, kó má sọ ẹni tó jẹ́, kó kàn tẹ́ ẹní.

Ó wá lọ́jọ́ kejì nínú jalàbíyà funfun. Kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ẹní ẹ̀ síwájú tiwọn, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun. Àlàájà wò ó. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mò ń retí pé wọ́n á ní kó jáde. Wọ́n dìde, wọ́n dúró lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sì bá a kírun. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bi í pé ta ni. Ó ní òun ni ẹni tó wá bá wọn kírun. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ jọ ti ọmọ àwọn. Wọ́n ní kó jókòó, kó jẹ ẹ̀pà. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wá. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí, ó kó aṣọ wá, ó ń sùn ní pálọ̀, ìyàwó ẹ̀ sì ń wá láàárọ̀ láti wẹ̀ wọ́n. Mo ti fi bí wọ́n ṣe ń gbé oògùn mì hàn án, àti orin tí mo máa ń kọ tí wọn ò bá fẹ́ jẹun. Kì í rọrùn. Lánàá, wọ́n tún lé e jáde, wọ́n ní kó kó owó ẹ̀ lọ. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó padà wọlé.

Màámi, ẹ má rò pé mo ti bọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ní, mo sì ti ṣèlérí pé màá padà. N kò ní ilé míì ní Èkó, n kò ní iṣẹ́ míì. Mo mọ̀ pé Àlàájà á wá mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí kó tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kó ṣílẹ̀kùn kí n jáde. Ẹlòmíràn ló mú wọlé. N kò mọ̀ bóyá ìdáhùn tí mò ń retí nìyẹn. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi tí mo fi bínú sí yín, n kò tíì lè sọ pé gbogbo ẹ̀ yé mi. Àmọ́ ẹ dárí jì mí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni màá wà lọ́nà. Ẹ má jáde wá pàdé mi. Ọjọ́ Ajé la máa lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ò ní ṣàwáwí mọ́, torí mo ti bá àwọn ọsibítù sọ ọ́. Kí Ọlọ́run tó dá ojú yín bá wa ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ìgbéyàwó Ìfẹ́. Kó bá mi kẹ́ Àlàájà títí n óò fi padà, kó sì mú ọkàn wọn délé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àgbà àti ọmọdé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí mo bá wọlé, tí ojú yín ò bá mọ̀ mí, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ rí mi. Ẹ béèrè pé ta nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni màá dáhùn, inú mi ò sì ní yé dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín pé Mojísọ́lá ni.

Ọmọ yín.